Ààyò àti Àpatì Inú Òkun

Bí ẹ bá bi onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun pé ibo nínú òkun ló wù ú jù, kò ní pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹnìkan á ní ibi tí iyùn ti ń hù ni, níbi tí ẹja aláràbarà ti ń gba àárín òkúta kọjá bí èrò ọjà. Ẹlòmíràn á ní igbó kelp ni, ìyẹn ewéko òkun tó ga bí igi ìrókò, tó ń mì síwá sẹ́yìn nínú omi tútù etíkun Califóníà. Òmíràn á sọ̀rọ̀ orísun omi gbígbóná ìsàlẹ̀ òkun, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta rí nítòsí erékùṣù Galápagos lọ́dún 1977. Wọn ò tilẹ̀ mú onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí kankan dání lọ́jọ́ náà, torí wọn ò retí pé nǹkan gidi kan lè máa gbé níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bá ẹ̀dá rẹpẹtẹ níbẹ̀, tí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹ̀dá ò sì tó, ọtí vodka ni wọ́n fi kún un.

Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, kóòdù ni mò ń kọ, mi ò sì tíì wọ omi tó kọjá àyà mi rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Okeanos Explorer, tó máa ń gbé fídíò ìsàlẹ̀ òkun sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe ń rìn lọ nísàlẹ̀ gan-an. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn àwọn onímọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń wo ohun tí ẹ̀yin náà ń wò. Àgbàlagbà tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé tipẹ́ á figbe ta bí ọmọdé tó rí eégún, nítorí pé kinní kan tó rí bí òdòdó ṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Iṣẹ́ pápá ni wọ́n ń pe irú ìrìn àjò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pápá kankan níbẹ̀, omi ni gbogbo ẹ̀. Ààyò wọn máa ń hàn nínú ohùn wọn. Ìbéèrè tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé pé kó sọ òótọ́ nípa ohun kan, ṣé ó tọ́ kó ní ààyò?

Ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ìbéèrè náà o. Adájọ́ tó bá jẹ́ àna olùpẹ̀jọ́, ńṣe la máa ń ní kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olùkọ́ kì í máàkì ìwé ìdánwò ọmọ ara rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tiwa náà, ẹni tó kọ kóòdù kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlòmíràn là ń gbé e fún, torí ojú ẹni kì í tètè rí àléébù ohun tí ẹni fẹ́ràn. Kí ló dé tá a fi máa wá gba ẹ̀rí olólùfẹ́ iyùn gbọ́ nígbà tó bá ní iyùn ń kú?

Ọ̀rọ̀ Terry Hughes lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Lọ́dún 2016, omi gbóná kọjá bó ṣe yẹ ní Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ilẹ̀ Ọsirélíà tó gùn tó kìlómítà 2,300. Bí omi bá ti gbóná jù, iyùn á lé àwọn ewéko tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ jáde. Àwọn yìí gan-an ló ń fún un ní oúnjẹ àti àwọ̀, nítorí náà á funfun bí egungun, bí ooru náà ò bá sì tètè lọ, á kú. Hughes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n fò kọjá lórí òkìtì iyùn tó ju 900 lọ, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún péré ló yè é, gbogbo ìyókù ló ti funfun, kékeré tàbí ńlá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ síta pé nígbà tí òun fi àbájáde náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, ńṣe ni àwọn jọ sunkún.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tó ń sunkún ò lè ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn òmùwẹ̀ tún wọ inú omi lọ láti yẹ máàkì tí wọ́n fún un láti òkè wò, bóyá ó bá ti ìsàlẹ̀ mu. Lẹ́yìn tí kíkà ti parí ni ẹkún dé. Ẹkún ò yí nọ́ḿbà kankan padà, ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á ò sì gba ẹkún láàyè láti wọlé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bẹ̀rù ìfẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbi tó bá ti gbà kí ẹlòmíràn tún un kà.

Kódà màá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láìsí ààyò, ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí a ò bá má mọ̀ rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, Bruce Robison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí MBARI ní Califóníà rí octopus kan, abo, tó rọ̀ mọ́ ara àpáta ní nǹkan bíi mítà 1,400 nísàlẹ̀ omi Monterey Bay. Ó ń sàba. Wọ́n fi àpá ara rẹ̀ dá a mọ̀. Wọ́n padà lọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tún padà lọ. Ìgbà méjìdínlógún ni wọ́n lọ síbẹ̀, wọn ò sì rí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akàn á rìn kọjá níwájú rẹ̀, kò ní mú un. Awọ ara rẹ̀ ń ṣá, ojú rẹ̀ ń ṣú, àwọn ẹyin abẹ́ rẹ̀ ń tóbi sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ó ṣì wà lórí wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyá ti lọ, èèpo ẹyin tó ṣófo ló kù lára àpáta. Oṣù mẹ́tàléláàádọ́ta! Nínú gbogbo ẹ̀dá tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, kò sí èyí tó sàba pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ò jìnnà sí èbúté wọn, wọ́n sì máa ń ní iṣẹ́ mìíràn nítòsí. Síbẹ̀, owó epo ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré, kò sì sí ọ̀gá tó máa béèrè pé báwo ni ìyá ọlọ́mọ yẹn ṣe wà lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ibì kan ló ń padà síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń padà ló ń mọ̀.

Ẹ̀bi ààyò ò sí lọ́dọ̀ ààyò fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbé nílé olórogún rí, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn màmá wa, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ tí baálé ní sí ìyàwó ààyò ló ń ba ilé jẹ́. Yàrá àpatì ni wàhálà wà. Òrùlé ibẹ̀ á ti máa jò láti ọdún tó kọjá, baálé ò mọ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò débẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní ohun gbogbo ń lọ dáadáa ní yàrá yẹn, kò sì parọ́ lójú ara rẹ̀, nítorí kò gbọ́ ìráhùn kankan.

Òkun ní yàrá àpatì tirẹ̀, yàrá náà sì tóbi ju ilé lọ. Ibi tí iyùn ń hù sí ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìsàlẹ̀ òkun, ṣùgbọ́n òun ló wà lára kàlẹ́ńdà, òun ló wà nínú fíìmù. Bẹ́ẹ̀, ju ìdajì ojú ilé ayé yìí lọ ló wà lábẹ́ omi tó jìn ju mítà 1,000 lọ, tó ṣókùnkùn, tó tutù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀ tó tẹ́ lọ salalu. Ta ló máa figbe ta nítorí ẹrẹ̀?

Nínú iṣẹ́ wa, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín òdo àti àlàfo. Bí òdo bá wà nínú àtẹ, ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan lọ, ó kà, kò rí nǹkan kan. Àlàfo, èyí tí àwa ń pè ní null, túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò tíì lọ kà á. Ẹni tó ti kọ kóòdù fún ọdún méjì péré ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ètò kan bá ka àlàfo sí òdo: ọjà tí wọn ò tíì fi iye sí á di ọ̀fẹ́, aláìsàn tí wọn ò tíì wọn ìfúnpá rẹ̀ á di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ṣàn mọ́. Ètò náà ò ní pariwo. Á máa ṣiṣẹ́ lọ, á máa ṣìṣe lọ.

Láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò, ibì kan wà nísàlẹ̀ Òkun Pàsífíìkì tí wọ́n ń pè ní Clarion-Clipperton Zone. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà kìlómítà níbùú lóròó, omi tó wà lórí rẹ̀ sì jìn tó mítà 4,000 sí 5,500. Òkúta róbótó-róbótó bí ọ̀dùnkún ló kún orí ẹrẹ̀ rẹ̀. Màngánísì, níkẹ́ẹ̀lì, bàbà àti kóbáltì ló wà nínú wọn, ohun tí wọ́n ń wá láti fi ṣe bátìrì. Òkúta wọ̀nyí kì í kánjú: mìlímítà díẹ̀ ni wọ́n fi ń tóbi ní mílíọ̀nù ọdún kan. Ọkọ̀ Challenger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó rin òkun káàkiri láti 1872 sí 1876, ti hú irú wọn jáde. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń wọ̀ wọ́n, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ ò tíì tó ni. Ní báyìí ẹ̀rọ ti ń tó.

Wọ́n máa ń sọ pé aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Àlàfo tí wọ́n kà sí òdo nìyẹn. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kó gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà nípa ibẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé irú ẹ̀dá tí wọ́n ti rí níbẹ̀ ju 5,000 lọ. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ni kò tíì ní orúkọ nínú sáyẹ́ǹsì. Ẹ tún un kà. Ibi tí a ní kò sí nǹkan, òun ni ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ò tíì rí àyè sọ wọ́n lórúkọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe kíkà yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àpótí irin ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọkọ̀. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan kó tó dé ìsàlẹ̀, kó bu ẹrẹ̀, kó padà gòkè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi omi òkun tútù sẹ ẹrẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ nínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n á wá jókòó ti maikirosikópù, wọ́n á máa ṣa kòkòrò tí kò gùn tó èékánná. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú òkun. Ẹrẹ̀ ni wọ́n á dárúkọ, ojú wọn á sì tàn. Ẹ rí i pé àpatì ẹnìkan lè jẹ́ ààyò ẹlòmíràn, bó bá ṣáà ti fẹsẹ̀ kan débẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kó òkúta yẹn? Àwọn ará Jámánì ti dán irú rẹ̀ wò. Lọ́dún 1989, wọ́n wọ́ ohun èlò bí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kọjá léraléra lórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó wà nítòsí orílẹ̀-èdè Peru, níbi tó jìn ju mítà 4,000 lọ. DISCOL ni wọ́n pe àyẹ̀wò náà. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀ lọ́dún 2015, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ojú ọ̀nà ìtúlẹ̀ náà ṣì wà kedere, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n tú u. Ní agbègbè yìí kan náà ni wọ́n tún ti rí octopus mìíràn tó ń sàba. Ẹrẹ̀ ò ṣeé lẹ ẹyin mọ́, nítorí náà ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ọrùn òkú sponge, ẹ̀dá kan tó rí bíi kànìnkànìn ìwẹ̀. Sponge ọ̀hún ò lè dúró lórí ẹrẹ̀, àfi kó rí òkúta róbótó tẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá kó òkúta, ó ti kó ibi tí sponge ń dúró sí. Ibi tí sponge ò bá sí, ìyá ò ní ibi tó máa sàba sí. Ẹ̀ka kóòdù kan tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò lò, ẹ pa á rẹ́, ìdajì ètò náà á dákẹ́.

Àmọ́ ó tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ kejì náà ò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Nauru, erékùṣù kìlómítà 21 péré níbùú lóròó. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn òyìnbó wa fọ́sífétì níbẹ̀ títí inú erékùṣù náà fi di òkúta ṣóńṣó-ṣóńṣó tí ènìyàn ò lè dáko sí. Nauru ló ṣe onígbọ̀wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ wa òkúta ìsàlẹ̀ òkun, ọdún 2021 ló sì fi lọ Àjọ Àgbáyé tó ń mójú tó ìsàlẹ̀ òkun ní Kingston, Jàmáíkà, pé kí wọ́n tètè ṣe òfin rẹ̀. Ta ni èmi tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti sọ fún ẹni tí wọ́n ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ tán pé kó má jẹ ti òkun? Ibo sì ni kóbáltì inú fóònù mi ti wá? Èyí tó pọ̀ jù nínú kóbáltì ayé ń wá láti Kóńgò, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń bá wọn gbẹ́ ihò. Ẹni tó bá ní kòkòrò inú ẹrẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣàánú, ó yẹ kó lè wo ojú ọmọ Kóńgò sọ ọ́.

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bi wá kì í ṣe kòkòrò tàbí ọmọdé. Bátìrì kan wà tí wọ́n ń fi irin àti fọ́sífétì ṣe, tí kò ní kóbáltì tàbí níkẹ́ẹ̀lì nínú rárá, ó sì ti wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ oníná. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìsàlẹ̀ òkun lónìí, kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé ihò Kóńgò á dí lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì máa lọ pọ̀. A ò gbọ́dọ̀ fi ìyà ẹnìkan ra àṣẹ láti fìyà jẹ ẹlòmíràn.

Òfin òkun tí wọ́n ṣe lọ́dún 1982 ní ogún gbogbo ọmọ aráyé ni ìsàlẹ̀ òkun tí kò sí lábẹ́ orílẹ̀-èdè kankan. Ọ̀rọ̀ ogún ò ṣàjèjì sí wa. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan á dá tà, bó ti wù kí ebi máa pa á tó. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì rà á láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ló rà. Ẹ sáà ń rí i lára ògiri nílùú Èkó pé ilé yìí kì í ṣe títà. Nínú ẹbí, ẹni tí kò sí nílé náà ní ìpín. Ẹni tó bá fẹ́ tà ló máa ṣàlàyé, kì í ṣe ẹni tó ní kí wọ́n má tíì tà. Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u ló yẹ kó fi hàn pé òdo ló wà nínú àtẹ. Kí ó má fi àlàfo hàn wá.

Àwọn kan ní ọ̀nà mìíràn wà: ká jẹ́ kí aráyé fẹ́ràn ẹrẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá aláwọ̀ yẹ́lò kan wà níbẹ̀, tó rọ̀ bíi jẹ́lì, tó ní ìrù gàgàrà lẹ́yìn, wọ́n ti ń fi orúkọ àdídùn kan pè é pé gummy squirrel. Octopus funfun kan tún wà tí Okeanos Explorer rí nítòsí Hawaii lọ́dún 2016, aráyé sọ ọ́ ní Casper lójú ẹsẹ̀, ó sì di gbajúmọ̀. Inú mi dùn sí i, mo rẹ́rìn-ín bí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n olórogún náà ni, ńṣe ni wọ́n kàn ń wá ààyò tuntun. Aràn tí kò gùn tó ìrẹsì, tí kò lójú, tí kò nírù, ta ló máa fún un ní orúkọ àdídùn? Àwa náà ṣe irú rẹ̀. Iyùn tó dé ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti Òkun Mẹditaréníà wá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, a sì fi sọ́rùn ọba. Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n fi ẹrẹ̀ òkun jẹ oyè.

Ọ̀rọ̀ kan wà lédè wa tó máa ń yá lẹ́nu: lásán. Iyanrìn lásán. Ẹrẹ̀ lásán. Bí ọkọ̀ bá ń fa iyanrìn nínú ọ̀sà Èkó, tí apẹja bá ní ẹja ti sá, ohun tí wọ́n máa dá a lóhùn ni pé iyanrìn lásán ni wọ́n ń kó. Mo rò ó títí, mi ò rí ibi tí lásán ti jẹ́ àbùdá ohun kankan. Ojú tó wo nǹkan náà ló ń ròyìn ara rẹ̀. Ìdí rèé tí mi ò fi ní kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ààyò rẹ̀ pamọ́. Kó sọ ọ́ síta, kí àwa náà lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé àti ibi tí kò dé. Lẹ́yìn náà, kí ìjọba àti àwọn tó ń fowó ṣe ìwádìí sanwó fún ẹni tó máa lọ síbi tí kò sí nínú ààyò ẹnikẹ́ni. Owó oṣù ni mò ń sọ o, kì í ṣe ìyìn. Mi ò rò pé ìfẹ́ ṣeé pa láṣẹ fún ènìyàn, àmọ́ kíkà ṣeé gba ènìyàn sí.

Ní báyìí, ẹ̀dá tí wọ́n ṣà láti inú ẹrẹ̀ Clarion-Clipperton ń bẹ nínú ìgò kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù àti láwọn ibòmíràn, ọtí líle ni wọ́n rẹ wọ́n sí. Láti sọ ọ̀kan lórúkọ, ẹnìkan ní láti yà á, ka irun ara rẹ̀, yẹ àbùdá rẹ̀ wò, fi wé gbogbo ìbátan rẹ̀ tí a ti mọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ kẹjọ ni ọmọ tuntun ń gba orúkọ. Àwọn tó wà nínú ìgò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ti lo ọdún mélòó kan pẹ̀lú nọ́ḿbà.